Páàtì mọ́tò àtijọ́ láti òkè òkun: ọ̀nà wo ló dín owó ibodè kù jù?

Ẹni tó bá ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe kì í pẹ́ mọ̀ pé iye tí òǹtajà pe páàtì kọ́ ni owó tó máa jáde lápò òun. Owó ibodè ń bẹ níwájú, owó VAT ń bẹ, owó ẹni tó máa bá a yọ ẹrù náà tún ń bẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, òun gan-an ló sì máa ń dunni jù bí páàtì bá kéré.

Kúríà, ìfìwéránṣẹ́ tàbí àkópọ̀?

Kúríà yá, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ iléeṣẹ́ kúríà ló ń bá yín san owó ibodè sílẹ̀, wọ́n á wá bu owó iṣẹ́ tiwọn lé e. Owó iṣẹ́ yẹn sábà máa ń ní iye kan tí kì í lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré lẹ rà, ì báà ṣe kábúrétọ̀ olówó ńlá. Ohun tó níye lórí tí kò sì wúwo ló yẹ kúríà. Rọ́bà ilẹ̀kùn tàbí nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Ó máa ń falẹ̀ o, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ wọn sábà máa ń fúyẹ́.

Àkópọ̀ ni pé kí ẹ ní ajẹ́ńtì ní ìlú tí ẹ ti ń rajà, kí gbogbo ohun tí ẹ rà máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kó wá dì wọ́n pọ̀ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ìyọ-ẹrù ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíábọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì odindi: ọkọ̀ ojú omi ló ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n àkópọ̀ lè ṣàkóbá fún yín. Ní ìlú ọba, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju £135 lọ kì í san owó ibodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé VAT ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ra páàtì £100 lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́ta, tí ajẹ́ńtì wá dì wọ́n sínú páálí kan, àǹfààní yẹn ti lọ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Àǹfààní $800 tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti dópin láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, nítorí náà àkópọ̀ ni mo máa fọwọ́ sí níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, àti ibi tí wọn kì í kà á

Ní Yúróòpù àti ìlú ọba, iye páàtì pẹ̀lú owó tí wọ́n fi gbé e wá ni wọ́n ń ṣírò owó ibodè lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà, iye páàtì nìkan ni. Ká ní bọ́ńpà jẹ́ 1,000, owó ọkọ̀ 400, owó ibodè 10%: lápá kan ẹ máa san 140, lápá kejì 100. Níbi tí VAT bá wà, á tún gun orí èyí.

Ògidì àtijọ́ tàbí àrọ tuntun?

Ibí yìí lowó wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn olùrajà kì í wò. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tí aṣọ́bodè fi ń mọ iye owó ibodè tó wà lórí rẹ̀, kóòdù 8708 ni wọ́n sì sábà ń fi páàtì mọ́tò sí. Ṣùgbọ́n nínú European Union, páàtì tó jẹ́ ògidì ti mọ́tò àtijọ́, tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí wọn ò sì ṣe mọ́, lè wọ kóòdù 9705 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. 9705 kì í san owó ibodè rárá. Àrọ tuntun, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láti fi jọ ti àtijọ́, bó ti wù kó jọ ògidì tó, kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, iná iwájú àrọ tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè má fi bẹ́ẹ̀ pọ́ọ́kú mọ́ tí ẹ bá ṣírò tán. Ẹ ní kí òǹtajà kọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti nọ́ńbà páàtì sórí ìnfọ́ísì, kó sì ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà. Láìsí èyí, aṣọ́bodè ò ní gbà yín gbọ́.

Bí òǹtajà bá kàn kọ “páàtì mọ́tò” gbàgẹ̀rẹ̀, 8708 náà ni gbogbo rẹ̀ máa já sí. Bẹ́ẹ̀ táyà ní 4011, gíláàsì iwájú ní 7007, pílọ́ọ̀gì ní 8511, gásíkẹ́ẹ̀tì ní 8484. Kí kálukú ní ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì wo iye tó wà lórí kóòdù kọ̀ọ̀kan, torí ẹlòmíì lè gbówó ju 8708 lọ.

Ibi tí wọ́n ti tà á tàbí ibi tí wọ́n ti ṣe é?

Àdéhùn ìlú ọba àti European Union, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021, yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà tí wọ́n bá ṣe ní ọ̀dọ̀ ara wọn. Iná ẹ̀yìn MG, mọ́tò ìlú ọba, tí ẹ rà ní Lọ́ńdọ́nù, tí wọ́n wá kọ Taiwan sí i nídìí, kò sí nínú àdéhùn yẹn. Bí ó bá tọ́ sí yín lóòótọ́, kí òǹtajà kọ gbólóhùn orírun ọjà, tó sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, sórí ìnfọ́ísì.

Àwọn òǹtajà kan á ní àwọn á bá yín kọ iye tó kéré sórí ìnfọ́ísì, tàbí kí àwọn pè é ní ẹ̀bùn. Ẹ má gbà. Ìwà ọ̀daràn ni, bí páálí náà bá sì sọnù lójú ọ̀nà, iye kékeré tí wọ́n kọ yẹn ni ẹ̀rí tó máa wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n san owó yín padà.