Ìwúkàrà tó fẹ́ràn ooru: mo ti fi Voss pọn ọtí ọkà bàbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin

Iye tí mo ra ìwúkàrà yìí tó ra kóńgò ọkà bàbà mẹ́fà lọ́jà Ajásẹ́-Ìpo. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé òun ni gbogbo ẹni tó bá rí ọ̀rá kékeré náà lọ́wọ́ mi máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Gíráàmù 11 péré ló wà nínú rẹ̀. LalBrew Voss ni wọ́n kọ sí i lára, ilé-iṣẹ́ Lallemand ló ń ṣe é. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Òmù-Àrán ni mo ti ń pọn ọtí mi, kẹ́mísìrì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo ti lo Voss lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Màá tún rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí kí n tó mọ̀ ọ́n. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá ooru jà. Àwọn ìwúkàrà bíà tó wọ́pọ̀, ibi tó tutù ni wọ́n ti ń ṣe dáadáa, bíi digirí 18 sí 22. Tó bá di oṣù kẹta, yàrá tí mo ń kó kẹ́ẹ̀gì sí kì í wá sílẹ̀ ju 30 lọ, ọ̀sán a sì gbé e dé 35. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, ọtí á hó kíákíá lóòótọ́, àmọ́ á máa rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá, á máa ta ọ̀nà ọ̀fun, orí á sì máa fọ́ ẹni tó bá mu ú. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ráọ́bà omi, mo ń ju píọ̀ wọ́tà dídì sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Iná ọba lọ fún ọjọ́ méjì, yìnyín tán. Lítà ogún ni mo dà nù lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó ti gọ́tà, mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mú ọkà yẹn hù.

Voss yàtọ̀ pátápátá. Digirí 35 sí 40 ni ara rẹ̀ yá gágá jù, bẹ́ẹ̀ Nọ́wè, ilẹ̀ òjò dídì, ló ti wá. Kveik ni àwọn ará abúlé apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà ń pe irú rẹ̀, ìwúkàrà náà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lédè wọn. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó: omi ọtí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á wá fi aṣọ bo ìkòkò náà. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sórí aṣọ tàbí òrùka onígi títí yóò fi gbẹ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ di ìgbà mìíràn, ó di ọwọ́ ọmọ, ó di ọwọ́ ọmọ-ọmọ. Ìgbà tí mo kà á ni mo rántí akèrègbè Ìyá àgbà mi. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ inú rẹ̀ rí. Wọ́n nà mí nítorí akèrègbè yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi tí mo rò pé mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Ibẹ̀ ni ìwúkàrà wọn ń gbé.

Bí Ìyá àgbà ṣe ń pọn tiwọn náà ni mo ṣe ń pọn tèmi, àfi ibi ìwúkàrà. Mo rẹ ọkà bàbà mọ́jú, mo tẹ́ ẹ sórí àpò tútù títí ó fi hù, mo sá a, mo sì ra gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ kúrò nígbà tó gbẹ. Ẹ má ṣe fojú kéré ríra yẹn o, nítorí oró wà nínú èéhù ọkà bàbà. Lẹ́yìn náà, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ omi, mo jẹ́ kó silẹ̀. Ìyá àgbà máa ń bu omi orí rẹ̀ tó mọ́ sọ́tọ̀, wọ́n á wá gbé èyí tó ki kaná. Tó bá ti jinná, tó sì ti tutù díẹ̀, wọ́n á da omi àkọ́kọ́ yẹn padà sí i. Mo ti kàwé jáde kí n tó mọ ìdí rẹ̀: ohun tó ń sọ ọkà di ṣúgà wà nínú omi orí yẹn, iná sì máa ń pa á, bẹ́ẹ̀ ọkà bàbà kò ní jinná láìjẹ́ pé iná mú un gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ló ṣe bẹ́ẹ̀ yanjú rẹ̀!

Mo sẹ́ ẹ, mo fi orógbó mẹ́rin tí mo ha sè é fún wákàtí kan kó lè korò. Ibí yìí gan-an ni Voss ti kọ́kọ́ gbà mí. Kò sí bí omi kànga wa ṣe lè mú ìkòkò gbígbóná wá sí 20. Ṣùgbọ́n 38 ni mo ń wá, kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti débẹ̀. Mo wọ́n ìwúkàrà náà sí lítà ogún nírọ̀lẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, ìfófó ti gun ọrùn kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ kẹta, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Hydrometer mi, ohun tí mo fi ń wọn bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi ọtí, tó wà ní 1.044 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ti bọ́ sí 1.012. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gbagidi, ọtí orí rẹ̀ sì mọ́. Mo fi ṣúgà gíráàmù 7 sí lítà kọ̀ọ̀kan, mo rọ ọ́ sígo, mo dé e. Nígbà tí mo ṣí àkọ́kọ́, òórùn èèpo ọsàn ló kọ́kọ́ kàn mí nímú, tó rọra ń fẹ́ lẹ́yìn ìkorò orógbó. Kò sí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ta ọ̀fun. Mo pe bàbá àwọn ọmọ láti inú ilé kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Wọ́n gbé igo náà lọ.

Ó ní àléébù. Nínú oṣù kẹjọ tí òjò ń rọ̀, tí yàrá wà ní 25, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń fà nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé kẹ́ẹ̀gì, òórùn ọsàn yẹn kò sì jáde. Oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀. Ìgbà kẹta, ó dúró sí agbede-méjì. Yíìsì búrẹ́dì ni mo sè pa tí mo dà sí i fún un láti jẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó parí iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi ṣíbí yíìsì búrẹ́dì kan sí ìkòkò kí n tó gbé e kúrò lórí iná.

Ẹ yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò dáadáa pẹ̀lú. Ibi tútù ló yẹ kó máa gbé. Ẹnì kan tó tà á fún mi láti Èkó fi ránṣẹ́ sí gáréèjì Ìlọrin láìfi yìnyín sí i, nígbà tí mo sì máa débẹ̀, ọ̀rá náà ti wú, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Líle gbagidi bíi bíríkì ló yẹ kó wà. N kò lò ó, ẹni náà kò sì dá owó mi padà títí di òní. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó oṣù ni mo fi rà á.

Ìgbà kẹrin ló dùn mọ́ mi jù. N kò ra òmíràn. Nígbà ọyẹ́, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ìgbà kẹta sórí pépà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó lábẹ́ ibòji, ọjọ́ méjì ló gbẹ wúruwúru bí èèpo ìgbá. Ó hó bíi ti tuntun.

Mo gbé igo méjì nínú rẹ̀ lọ fún Màmá ní Ìsánlú-Ìsin, àbúrò Ìyá àgbà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn náà sì pọnti títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n mu ún, wọ́n pa ẹnu pọ̀.

“Kò kan. Kí ló dé tí kò kan?”

“Ìwúkàrà rẹ̀ ni, Màmá. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀.”

“Ó mọ́ lẹ́nu. Àmọ́ ó fúyẹ́, ọmọ mi, kò dúró lẹ́nu.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, tèmi kò ki bíi tiwọn. Wọ́n tún bu díẹ̀. “Níbo lo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí?”

Mo ní mo ti sá a. Wọ́n ní kí n bu tàwọn wá. Mo ká a sínú pépà fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti ní kí ọmọ-ọmọ wọn lọ rẹ ọkà. Sátidé ni màá lọ wo ohun tó jáde.