Prometheus, Netdata àbí Datadog: èwo ló tọ́ sí server yín?

Ẹ má fi ẹwà ojú irinṣẹ́ ra irinṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ server yín. Bí ó ṣe ń dá ìṣesí server mọ̀ ni kí ẹ wò.

Prometheus, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní SoundCloud lọ́dún 2012, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí yóò máa wò fún un, kì í dá a kọ́. Ọ̀rọ̀ dísìkì tó ń kún ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù:

predict_linear(node_filesystem_avail_bytes[6h], 4*3600) < 0

Yóò wo bí àyè ṣe ń dín kù láti wákàtí 6 sẹ́yìn. Bí ó bá rí i pé bó ṣe ń lọ yìí, àyè á ti tán nígbà tí wákàtí 4 bá fi máa pé, yóò ké sí yín. Kí lẹ tún fẹ́ sanwó fún lórí dísìkì? Ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ, àfi tí ẹ bá fi kún un.

Netdata ń ka CPU, mẹ́mórì àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Orí server yín gan-an ló ti ń fi k-means (ìṣirò tó ń kó àwọn nǹkan tó jọra sí ẹgbẹ́ kan náà) kọ́ ìṣesí wọn, ẹ kò ní sọ nǹkan kan fún un. Ẹni tí kò mọ ibi tí wàhálà ti ń wá, òun ni kó mú. Ọjọ́ díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló ń rántí, nítorí náà backup ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè dà bí àjèjì lójú rẹ̀.

Datadog ló ń gbowó. Ohun tí owó yẹn ń rà ni pé ó mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò láti wákàtí dé wákàtí, láti ọjọ́ dé ọjọ́, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: ariwo àárọ̀ Mọ́ńdè kò ní yà á lẹ́nu. Nínú àwọn ọ̀nà ìṣirò tó ní kí ẹ yàn fún iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní agile tètè ń gba ìyípadà mọ́ra. Èyí tí wọ́n ń pè ní robust kì í tètè gbà á. Ẹ mú agile bí oníbàárà yín bá ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kò ka oṣù. Bí ọjọ́ owó oṣù bá ni server yín ń gbóná, yóò máa pariwo lóṣooṣù. Ẹ tún ṣọ́ra: iye server tó pọ̀ jù láàárín oṣù ló ń gbowó lé, lẹ́yìn tó bá ti yọ àwọn wákàtí tí iye náà ga jù kúrò, ìdá 1 nínú 100 gbogbo wákàtí oṣù náà, ìyẹn nǹkan bí wákàtí 7. Server 10 tí ẹ bá fi kún un fún ọjọ́ mẹ́ta péré, owó odindi oṣù lẹ máa san lórí wọn.