Culture tàbí PCR: èwo ni kí ẹ sanwó fún bí ẹ bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀?

Láàbù ẹ̀gbẹ́ kẹ́míìsì àdúgbò wa ní culture ti tó, pé owó ni PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá (DNA) kòkòrò, kàn ń jẹ. Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n gba àtọ̀ mi, wọ́n gbìn ín sínú àwo kí kòkòrò lè hù; ìyẹn ni culture. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọ orúkọ kòkòrò kan, Staph aureus, gàdàgbà sórí ìwé. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, èmi àti ìyàwó mi. A tún àyẹ̀wò náà ṣe: Staph ṣì jókòó síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ mìíràn. Ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di asẹ́.

Dókítà tí mo padà lọ bá ló là mí lójú. Staph ń gbé inú imú àti ara awọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe. A kì í kà á mọ́ àrùn ìbálòpọ̀. Ọwọ́ lásán lè gbé e wọnú ike. Èyí tó dùn mí jù ni pé chlamydia, kòkòrò àrùn ìbálòpọ̀ tó wà lára wa gan-an, kì í hù nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, torí inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nìkan ló ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó àyẹ̀wò tí kò lè rí i láéláé! PCR rí i nínú ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àtọ̀sí ńkọ́? Culture lè rí i bí wọ́n bá tètè gbìn ín, torí kòkòrò rẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára. Mi ò ní purọ́ mọ́ culture: òun ló ń fi oògùn tó máa ràn án hàn. Ẹni tó ti lo oògùn tí àtọ̀sí ò lọ nílò rẹ̀.

Owó: culture dínwó, bí ẹ ò bá ka ti abẹ́rẹ́.

Àṣìṣe PCR: ó lè rí òkú kòkòrò lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó tún un ṣe.

HIV àti sífílíìsì: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún ìyẹn.

Kálukú ló ní àyè tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ ṣe PCR, ẹ má tọ̀ fún wákàtí kan ṣáájú; ìtọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń lò. Fún obìnrin, òwú tó fi nu inú ojú ara ló dáa ju ìtọ̀. Ẹ sì bèèrè orúkọ àyẹ̀wò kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan á gba ìtọ̀ yín, culture náà ni wọ́n á ṣe.