Snow blower tí a sọ di tiller àti tiller àlòkù: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Minnesota níbí, bí yìnyín bá ti ń yọ́ báyìí, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ti ń pè yín láti ẹ̀yìnkùlé, koríko ibẹ̀ sì dì mọ́lẹ̀ bí ẹní. Ẹ wá ṣíjú wo snow blower àtijọ́, ẹ̀rọ tí a fi ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, tó wà nínú gáréèjì: ó ní ẹ́ńjìnnì, ó ní táyà, ó ní irin tó ń yí níwájú. Kí ló tún kù tí kò fi lè di tiller, ẹ̀rọ tí a fi ń túlẹ̀? Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, ṣé ọkọ́ ti tán lọ́jà ni?"

Ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Dọ́là 40 ni mo ra snow blower náà lọ́wọ́ aládùúgbò kan tó ń kó lọ. Wẹ́dà gba 90, bẹ́líìtì àti bóòtù gba 35. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 165. Tiller àlòkù tí mo padà rà, 180 ni. Dọ́là 15 péré yìí ni mo torí ẹ̀ pa Sátidé mẹ́rin.

Iṣẹ́ náà kò le jù. A gé irin tó lọ́ bí ìwo àgbò kúrò lára ọ̀pá, a sì fi sípíríǹgì mọ́tò, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ nílé fi ń rọ ọkọ́, ṣe abẹ. Ẹ má jó sípíríǹgì mọ́ ọ̀pá tààrà o. Iná wẹ́dà máa ń jẹ́ kó gbẹ, òkúta kan ṣoṣo á sì kán an. Irin pẹlẹbẹ lásán ni ká jó mọ́ ọ̀pá, ká wá fi bóòtù de abẹ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí koríko bí ewúrẹ́ tó já okùn. Kò wọlẹ̀ rárá. Tiller gidi ní irin kan lẹ́yìn tó ń gún ilẹ̀, tó ń dì í mú kí abẹ lè ráyè gbẹ́. Snow blower kò ní in, mo tún gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ. Nígbà tó wá wọlẹ̀ tán, bóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi bóòtù tó rọ̀ de irin iwájú yẹn ni, kí òun kọ́kọ́ gé bó bá kan òkúta, kí gíà má baà fọ́. Mẹ́rin ló gé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀: idẹ ni eyín gíà inú rẹ̀.

Eré ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ eruku. Ẹ tú ìdérí ẹnu kàbúrétọ̀ snow blower àtijọ́, ẹ wò ó: ẹ ò ní sábà bá filter, asẹ́ tó ń dá eruku dúró, níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan yọ ọ́, wọn ò fi sí i láti ilé ni. Kò sí eruku nínú yìnyín. Bí filter bá sì wà níbẹ̀, yìnyín á dì mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ò ní rí atẹ́gùn fà. Ọgbọ́n gidi ni, ní oṣù kìíní. Ní òpin oṣù karùn-ún, tí ẹ ń tú ilẹ̀ gbígbẹ, yanrìn ló ń fà sínú.

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo rẹ fóòmù sínú ọ́ọ̀lì, mo kì í bọ agolo mílíìkì tí mo lu níhò, mo fi wáyà so ó mọ́ ẹnu kàbúrétọ̀. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì fi tú u. Èmi ò mọ̀, mo ń túlẹ̀ lọ ní tèmi. Kí ọdún kejì tó parí, èéfín búlúù ti ń jáde, ọ́ọ̀lì ń gbẹ, okùn tí mo fi ń fà á sì ti rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mẹkáníìkì ṣí i níwájú mi. Ara sílíńdà tó yẹ kó máa dán bíi dígí ti ha bí ìdí ìkòkò tí a fi yanrìn fọ̀. Ó fi èékánná rìn ín, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ẹ́ńjìnnì mìíràn, tó ní filter, gba dọ́là 140. Owó mi wá di 305, láìka ìrìn kejì sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Ti páàtì: Tecumseh, tó ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ snow blower àtijọ́, ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ́ńjìnnì láti 2008. Ti ariwo: ọgbọọgba. Ti ìwúwo: snow blower wúwo jù, pàápàá láti yí i padà níparí poro. Ti ẹni tó fẹ́ ẹ́ńjìnnì kan fún iṣẹ́ méjèèjì: ilé-iṣẹ́ BCS ti Ítálì ń ṣe irú rẹ̀, orí rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Ilé-iṣẹ́ Ariens ní Wisconsin ńkọ́? Tiller ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ní 1933. Snow blower dé ní 1960. Àwọn tó mọ méjèèjì ṣe kò sọ ọ̀kan di èkejì.

Méjèèjì ló ní ọjọ́ tirẹ̀ ṣá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ wẹ́dà nílé, tó ní ẹ́ńjìnnì onífilter nílẹ̀, tó sì fẹ́ràn kí ọwọ́ òun máa dọ̀tí, kó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ jẹ ewédú kí oṣù kẹjọ tó dé, kó wá tiller àlòkù. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá le, kó ra èyí tí abẹ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kó fà á kó ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ̀ kó tó sanwó, kó sì tú filter rẹ̀ wò.

Èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ṣì wà níbí. Táyà rẹ̀ ni mo fi ṣe ọmọlanke tí mo fi ń kó ìgbẹ́ màlúù.