Ìpín CSA: èwo ni kí ẹ sanwó rẹ̀ kí òtútù tó lọ?

Láti oṣù kejì ni àwọn oko ẹ̀fọ́ CSA (Community Supported Agriculture, oko tí aráàlú ń sanwó ìkórè rẹ̀ ṣáájú) ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti ń ta ìpín ọdún. Ẹ ó sanwó kí wọ́n tó gbin nǹkan kan. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, ẹ ó máa lọ gba ẹ̀fọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oko Indian Line ní Massachusetts àti Temple-Wilton ní New Hampshire ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí níbẹ̀ ní 1986. Ẹ má fi wé èésú o. Nínú èésú, iye tí ẹ dá lẹ ó kó. Níbí, bí ìrì dídì bá pa tòmátì, àgbẹ̀ àti olówó lẹ jọ pàdánù. Owó ìgbà òtútù yìí ni wọ́n fi ń ra irúgbìn àti gáàsì tó ń mú ilé ọ̀rá (ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí òtútù má pa ohun ọ̀gbìn) gbóná fún àlùbọ́sà àti tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Oríṣi ìpín mẹ́ta ni ká yẹ̀ wò. Àpótí. Oko ló yàn, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn gbà. Ó rọrùn: ẹ dé, ẹ gbé e, ẹ lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni turnip (gbòǹgbò rìbìtì kan tí wọ́n ń sè jẹ) ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra tí kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ nílé.

Àtẹ. Ẹ̀fọ́ wà lórí tábìlì, pátákó á sọ pé kí ẹ mú méjì nínú márùn-ún. Ó sàn ju àpótí lọ, àfi fún ẹni tó máa ń pẹ́ dé. Ewé tó rọ̀ jù ló kọ́kọ́ ń tán.

Owó ìṣáájú. Ẹ san $300, oko kọ $330 sí orúkọ yín (èènì wọn nìyẹn, iye rẹ̀ yàtọ̀ láti oko sí oko), ẹ sì ń rà á jẹ díẹ̀díẹ̀ lórí àtẹ wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá owó tó kù máa ń kú lópin ọdún.

Ẹ má wo iye owó lápapọ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ pín in. Ká ní odindi ìpín jẹ́ $660 fún ọ̀sẹ̀ 22, $30 ni àpótí kan. Bí ààbọ̀ ìpín, tí ẹ ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, bá jẹ́ $370 fún àpótí 11, ó lé ní $33. Ó wọ́n jù lójú, ṣùgbọ́n fún ènìyàn méjì, ẹ̀fọ́ tí kò bá jẹrà ni owó tí ẹ kò fi ṣòfò.

Àwọn oko kan tún ń ta ìpín ìrúwé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Ibí ni àwa tí a ń se ẹ̀fọ́ rírò ti ń ṣìnà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni spinach tó sun ìgbà òtútù lábẹ́ ọ̀rá, radish (gbòǹgbò kékeré tó ń ta lẹ́nu), ọ̀mùnú ewé pea, aáyù tútù, àti káróòtì àti ọ̀dùnkún inú àká. Pọ́n-ùn spinach kan, tí ẹ bá bọ̀ ọ́, kò ju ife kan àbọ̀ lọ, omi rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ fún un dáadáa kó tó wọnú ata. Tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ ooru, ẹ má retí rẹ̀ nínú ìpín ìrúwé. Ìparí oṣù keje ni ilá àti tòmátì ìta ń dé, ata rodo sì lè pẹ́ di ìparí oṣù kẹjọ. Nítorí náà, ìdílé tó ń jẹ oúnjẹ ilé, owó ìṣáájú ni ká mú lọ́dún àkọ́kọ́: owó lè dúró de ilá, àpótí oṣù kẹfà kò lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ gbin rodo.

Ẹ béèrè iye ilé ọ̀rá tí wọ́n ní. Bí òjò bá rin ilẹ̀ gbingbin nínú oṣù kẹrin, wọn ò lè túlẹ̀, letusi ìta á sì pẹ́. Oko tó ní ilé ọ̀rá ṣì máa rí nǹkan fún yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ra ẹ̀fọ́ oko mìíràn kún un, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àpótí tí ẹ kò wá gbà. Ihò wínníwínní lára ewé radish kì í ṣe àrùn: kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń fò ló jẹ ẹ́, ẹ lè sè é. Ẹ gé ewé náà kúrò lórí gbòǹgbò radish ní ọjọ́ tí ẹ gbà á, torí ewé ń fa omi inú gbòǹgbò jáde. Spinach ní tirẹ̀, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ sínú ọ̀rá kí ẹ tó kó o sí fìríìjì.