Bentley Mulsanne: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pegedé, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Mulsanne tòkunbọ̀ tó owó tí wọ́n ń pè é, kó má tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kó fi ìka tọ ojú rírán àga. Ìlú Crewe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí títí di ọdún 2020. Awọ akọ màlúù ni wọ́n lò, torí ara abo tó ti lóyún a máa fà, àpá ìfà náà kì í sì í parẹ́ lára awọ.

Igi ojú dáṣíbọọ̀dù kì í ṣe ike tí wọ́n kùn bí igi. Wọ́n bẹ́ igi gidi sí pẹlẹbẹ tí kò nípọn tó mílímítà kan, wọ́n wá ṣí méjì tó tẹ̀ léra bí ẹni ṣíwèé, kí ìlà ọ̀tún bá tòsì mu. Ẹni tó bá ti rí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́, tó wà ní British Museum báyìí, mọ ìyàtọ̀ ọnà ọwọ́ sí ti ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fi sáńdípépà kan igi yìí o! Vàníìṣì ló sábà máa ń sán nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ìfá díẹ̀ péré, igi fúnra rẹ̀ ti tán.

Ibi tí òrùlé ti pàdé ara ẹ̀yìn náà, ọwọ́ ni wọ́n fi jó o pọ̀ tí wọ́n sì fá a dán, kò ní ojú ìsopọ̀. Tí pánẹ́ẹ̀lì bítà bá gé e, tó fi pọ́tì dí i, pọ́tì á sún kì, ìlà á sì yọ. Ẹ wò ó dáadáa nínú oòrùn àárọ̀.

Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 6.75 ni, ìran rẹ̀ ti wà láti 1959. Kò sí àròyé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ló pọ̀ jù l'Ékìtì. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, òjò ń bu ú, ọ̀rá ike tí wọ́n fi ń bo àga ló sì burú jù, torí ó ń sé omi mọ́ ọn. Aṣọ tútù àti ọṣẹ awọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, kí kíríìmù awọ tẹ̀ lé e. Bí òwú bá já, kí aránga fi ọwọ́ gba ojú ihò àtijọ́, òwú nylon ni kó lò, torí òwú lásán a máa jẹrà. Tó bá gbé e sórí mẹ́ṣìn, ihò tuntun á bọ́ sáàárín ti àtijọ́, awọ á wá ya bí ìwé tí wọ́n gún ní ihò. Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe l'Ádó, tí ẹ bá rí ẹni tó ní sùúrù.

Ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà ju 2,500 kìlógíráàmù lọ, gálọ̀pù sì ń fìyà jẹ rọ́bà tó gba afẹ́fẹ́ dúró. Tó bá ti ń jò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò ní sinmi títí yóò fi jó. Nírọ̀lẹ́, ẹ fi tépù wọn gíga igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀. Bí igun kan bá ti sọ̀ tó ìbú ìka méjì, ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀kì kúrò nínú iye tí ẹni tó ń tà á ń pè, kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀ awọ.