Ọ̀rọ̀ abala méjì àwọn ará Ṣáínà: ti àwòrán àti ti ohùn

Xiehouyu ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sọ abala kìíní, á dánu dúró, ẹni tó ń gbọ́ á sì fi ọkàn parí rẹ̀, bí ìgbà tí a bá pa òwe láàbọ̀ fún ọmọlúàbí.

Oríṣi kan dúró lórí àwòrán tàbí ìtàn. “Òrìṣà alámọ̀ ń la odò kọjá.” Kí ló kù? “Kò lè gba ara rẹ̀ là.” Amọ̀ bọ́ sómi, ó di ẹrẹ̀. “Liu Bei yá Jingzhou” sì wá láti inú ìtàn Ìjọba Mẹ́ta, ìgbà tí ìjọba mẹ́ta ń du Ṣáínà láàárín ara wọn: Liu Bei, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, yá ilẹ̀ Jingzhou, kò dá a padà. Onígbèsè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Oríṣi kejì, tó ń fi ohùn ṣeré, ló wù mí jù. “Confucius ń kó lọ sílé tuntun.” Ọ̀mọ̀ràn olùkọ́ Ṣáínà ayé àtijọ́ ni Confucius; kí ló máa kó? “Ìwé nìkan.” Shū ni ìwé, shū náà ni kí èèyàn pàdánù, ohùn kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń fìdí rẹmi nídìí ayò ṣáá ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Ti àwòrán ṣeé túmọ̀ wẹ́rẹ́. Ti ohùn máa ń kú sẹ́nu ògbufọ̀. Síbẹ̀, àwa tí àwọn baba ńlá wa máa ń fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò láyé àtijọ́, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé ọkàn wọn ń fà sí i, mọ adùn rẹ̀ dáadáa.